Ìṣó Kan Lórí Bátìrì

Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ bọ́m̀pà Datsun náà kí n tó dé àgọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, eṣinṣin sì ti ń ṣe ìpàdé lé e lórí. Iná iwájú apá ọ̀tún ti fọ́. Ọkọ̀ náà jẹ́ aláwọ̀ búlúù látòkè délẹ̀, àfi ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó funfun, èyí tí ẹni tó ni ín rà láàárín àwọn àlòkù tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dè mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn funfun yẹn gan-an ló kó bá a.

"Luqman!" Ọ̀gá wa, DPO Ọláníyì, ló ń pè mí látojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Ẹjọ́ yìí ti jinná. Gba sítétímẹ́ǹtì obìnrin yẹn, kó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ká gbé e lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ẹtì."

Èmi ni Sájẹ́ńtì Luqman, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo tí àgọ́ wa ní lọ́dún 1991 yẹn. Ẹni bá sọ fún mi pé ẹjọ́ ti jinná kí n tó ṣí ìdérí ìkòkò, ó ti bí mi nínú nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ lójú wọn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ kan kọlu olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Erúnmu sí Lálúpọn, ó sì sá lọ. Àwọn obìnrin méjì tó ń sá láfún lẹ́bàá títì rí i: Datsun búlúù, ilẹ̀kùn funfun. Eruku kò jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti bá ọkọ̀ náà lẹ́yìnkùlé Moyọ̀sọ́rẹ Ògúntádé ní Erúnmu, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ wà ní ọsibítù n'Ìbàdàn, kò tíì lajú. Bó bá kú, ẹ̀wọ̀n gidi ló ń dúró de Moyọ̀sọ́rẹ.

Orí ìjókòó gígùn tó wà lẹ́yìn káńtà ni mo ti bá a. Opó ni, ó tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, yàrá àyẹ̀wò ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn kan n'Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo Erúnmu ló mọ̀ ọ́n sí obìnrin tó máa ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Látìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP ti sọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ di wúrà ni kò ti gbé Datsun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mẹkáníìkì kankan mọ́. Èékánná rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

"Níbo lẹ wà lánàá, mà?"

"Orí òkè àdúrà. Mo gòkè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà àná ni mo sọ̀ kalẹ̀. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni."

"Ta ló rí yín níbẹ̀?"

"Ọlọ́run."

Ọ̀gá wa pariwo látinú ọ́fíìsì: "Ọlọ́run kì í wá tọwọ́ bọ sítétímẹ́ǹtì nínú àgọ́ mi!"

"A jẹ́ pé àgọ́ yín ló kù díẹ̀ káàtó," ni obìnrin náà dá a lóhùn.

Mo yáa tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ mi kí ọ̀gá má bàa rí ẹ̀rín mi. "Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́rùn mi lórí òkè. Ẹyọ kejì, ọkọ mi nìkan ló mọ ibi tó fi sí. Ó kú ká tó bi í."

"Mà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n ní bóyá bíréèkì ló já, pé àtúnṣe ọwọ́ yín ló fà á. Tẹ́ ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ náà lè fúyẹ́."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, Alàgbà Oyèkúnlé."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Wọ́n ti ń retí kí ọkọ̀ yẹn kú sí mi lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tá a sin ọkọ mi ni wọ́n ti ní ọkọ̀ ìdílé ni, kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. N ò mú un wá. Wọ́n ní ọdún kan ò ní í pé tí yóò fi di ilé adìyẹ. Yésúfù mẹkáníìkì náà ní á dójú tì mí láàárín títì. Sájẹ́ńtì, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tún bíréèkì yẹn ṣe lóṣù tó kọjá. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá mú, ẹ jù mí sẹ́wọ̀n. Tó bá mú, n ò ní í tọwọ́ bọ irọ́ nítorí kí ara lè tu ẹnì kan."

Bí mo ṣe ń jáde lọ síbi Datsun náà, Peugeot 504 aláwọ̀ eérú kan wọlé, ó dúró sábẹ́ igi odán iwájú àgọ́. Alàgbà Oyèkúnlé fúnra wọn ni. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ àgbà ìjọ nínú ìjọ aládùúrà tí ìdílé wọn ń lọ. Mo kí wọn, wọ́n jẹ́ kí n dúró nínú oòrùn kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ̀ ba bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sùn, wọ́n pa á dé, wọ́n wá fi áńkáṣífù funfun nu ọwọ́. Èmi náà ní Volkswagen kan tó ti gbó, mo mọ ìṣe àwa ọlọ́kọ̀ àlòkù. Mo ní omi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wò.

"Sájẹ́ńtì, ẹ bá mi bẹ ìyàwó wa," ni wọ́n wí. "Obìnrin àti irin ò bára wọn tan. Kó sáà ti gbà pé bíréèkì ni. A ó bẹ ẹbí olùkọ́ yẹn. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀ kó má tún fi pa ẹlòmíì."

"Mo gbọ́, sà."

Mo wọ inú Datsun náà, mo tẹ bíréèkì. Ó le koko lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò yẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ tí a gbà lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́rẹ. Kò sí ohùn kankan.

"Bó ṣe wà látàná nìyẹn," ni ọlọ́pàá kékeré tó ń ṣọ́ ọ wí. "A tì í ni láti Erúnmu. Bátìrì ti kú."

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bátìrì kò kú o. Orí rẹ̀ kan, irin tó so wáyà mọ́ ọn, ni kò sí lójú rẹ̀. Kí n má purọ́, mo pòṣé. Mo ní àtúnṣe obìnrin nìyí, ó ti jábọ́. Mo nawọ́ kí n tì í padà, ọwọ́ mi sì kan nǹkan rírọ̀. Ẹnì kan ti fi pélébé rọ́bà tíúbù pupa wé orí bátìrì náà yípo, ó wé e dáadáa, kó má bàa kan irin. Ìṣó kan sì wà lórí bátìrì níbẹ̀, gíríìsì dúdú wà lára rẹ̀, wọ́n rọra tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tó bá jábọ́ kì í wé ara rẹ̀ láṣọ. Mo tú rọ́bà náà, mo sọ òun àti ìṣó sápò, mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo padà wọlé lọ bá Moyọ̀sọ́rẹ.

"Orí bátìrì yín, báwo ló ṣe ń dúró?"

"Ẹnu ẹ̀ ti jẹ, ó ti fẹ̀ jù. Mo fi òkúta kan ìṣó sáàárín ẹ̀, mo sì fi gíríìsì kùn ún. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ."

"Ẹ kì í yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti gúnlẹ̀?"

"Kí ni n ó yọ ọ́ fún? Ọkọ̀ mi ò jo iná. Ẹni tí wáyà ọkọ̀ ẹ̀ bá ń jo iná, tí bátìrì ń kú sí lọ́wọ́ mọ́jú, òun ló ń yọ orí bátìrì."

"Ẹ má sọ èyí tẹ́ ẹ sọ yìí fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ló ti ń bi mí tẹ́lẹ̀?" ló wí.

Mo jókòó sórí àpáta ẹ̀yìn àgọ́, mo ro ó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu èèyàn, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tó sáré gbé ọkọ̀ padà sí ẹ̀yìnkùlé onílé, kí ló ń dúró ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún? Ó yẹ kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni. Ẹni tó ń ronú ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ṣe é, orí ò mọ̀ sí i. Bí obìnrin ṣe ń yọ igi kúrò lẹ́nu ààrò tó bá sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ ni, kì í ro ó kó tó ṣe é. Ẹni yìí ti yọ orí bátìrì nígbà àìmọye tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó sì ní rọ́bà lápò tó fi ń wé e.

Ọ̀dọ̀ Yésúfù mẹkáníìkì ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí òun ló ti lérí pé ọkọ̀ yẹn á dójú ti obìnrin náà. Ó lè ṣáná sí Datsun láìlo kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo dé abẹ́ igi kajú tó ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pélébé rọ́bà tíúbù tó so rọ̀ lára ẹ̀ka igi. Mo sún mọ́ ọn. Dúdú ni gbogbo wọn.

"Yésúfù, níbo lo wà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú?"

"Alákìá. Mo ń tú ẹ́ńjìnnì takisí kan. Ẹni tó ni ín jókòó tì mí títí di ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí n mí. Ẹ lọ bi í."

"O ní ọkọ̀ Moyọ̀sọ́rẹ á dójú tì í."

"Mo wí i! Ó gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Tí gbogbo ìlú bá ń tún ọkọ̀ ara wọn ṣe, kí ni n ó jẹ?" Ó ju sípánà sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n wallahi, Sájẹ́ńtì, mo yọjú wo bíréèkì tó ṣe yẹn nígbà tí wọ́n ń tì í lọ. N ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Bó ṣe dùn mí tó nìyẹn."

"Tí ọkọ̀ bá ń jo iná, ṣé o máa ń yọ orí bátìrì ẹ̀?"

"Èmi? Mo máa ń wá ibi tí wáyà ti bó ni. Àwọn tí ò fẹ́ rí mẹkáníìkì sójú ló ń yọ orí bátìrì. Irú wọn kì í wá sọ́dọ̀ mi, báwo ni n ó ṣe mọ̀ wọ́n?"

Mo gun Volkswagen mi dé Alákìá. Òótọ́ ló sọ. Onítakisí náà tiẹ̀ ń ṣépè pé títí di ìsinsìnyí ẹ́ńjìnnì náà ṣì ń rú èéfín.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá pè mí wọlé, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. "Mo ní ẹjọ́ ti jinná, o sì ń koná mọ́ ọn. Àwọn àgbà ìjọ ti wá rí mi. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ lọ sí ibi tí o ò ti ní í rí ọmọ rẹ fún ọdún kan?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ, sà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí bíréèkì ẹ̀ mú, n ò ní í kọ ọ́ sínú ìwé pé ó já."

"Ọ̀la! Tó bá di ọ̀la tó ò rí nǹkan kan, obìnrin yẹn ń lọ nìyẹn."

Mo jáde. Ní àkókò yẹn gan-an ni 504 aláwọ̀ eérú tún yí wọlé. Alàgbà Oyèkúnlé sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n pa á dé, wọ́n nu ọwọ́.

Mo dúró bí igi. Omi wo ni wọ́n ń wò? Láàárọ̀, kéèyàn tó ṣáná, la máa ń wo omi. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, tó gbóná janjan, ta ló ń ṣí omi ẹ̀? Ẹni tó bá ṣe é, ojú rẹ̀ á bó. Lọ́jọ́ Ajé mo ti rí i, mo sì fi ọgbọ́n orí mi bò ó mọ́lẹ̀. Mo gbá ara mi létí níbẹ̀, ọlọ́pàá kékeré náà rò pé ẹ̀fọn ni.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ mú lọ bá ọ̀gá? Pé àgbà ìjọ ń yọ orí bátìrì ara wọn? Á lé mi jáde. Ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn jẹ́rìí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ lára agolo mílíìkì, mo fi há orí bátìrì Datsun náà títí ó fi dúró. Mo ṣáná sí i, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹbí Ògúntádé pé, tí ọ̀gá náà jáde, tí Moyọ̀sọ́rẹ dúró láàárín ọlọ́pàá méjì, mo lọ bá Alàgbà.

"Sà, ẹ ṣàánú wa. Ayàwòrán ń bọ̀ wá ya Datsun yìí, ó yẹ kó kúrò lẹ́yìn ògiri. Dírẹ́bà wa ò sí nílé. Ẹ bá wa wà á wá sábẹ́ igi."

Ó dùn mọ́ wọn. Ojú wọn ti ń wò ó bí ohun ìní. Wọ́n jókòó sídìí rẹ̀, èmi sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń ka ẹ̀sùn sókè, mo ń bi wọ́n léèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọdún wo ni àbúrò yín ra ọkọ̀ yìí? Ta ló bá a lọ rà á? Wọ́n ń dáhùn, wọ́n sì ń rántí, ohùn wọn rọ̀. Ọkọ̀ dúró. Wọ́n pa iná, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣì ń sọ bí àwọn méjèèjì ṣe jọ wà á wá láti Èkó lọ́dún 1976. Ọwọ́ wọn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tẹ̀ ba. Wọ́n mi orí bátìrì lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ. Ọwọ́ òsì wọn wọ àpò bùbá, ó ń wá nǹkan, kò rí i.

Mo na rọ́bà pupa náà sí wọn. "Ṣé èyí lẹ ń wá, sà?"

"Ẹ ṣé o," ni wọ́n wí, wọ́n gbà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e.

Wọ́n wé e ní ìlọ́po kan. Nígbà tí wọ́n máa yí i lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ wọn dúró.

Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Níbo... níbo lẹ ti rí rọ́bà yìí?"

"Ibi tẹ́ ẹ wé e sí lọ́jọ́ Àìkú náà ni, sà. Orí bátìrì tó wà níwájú yín yẹn."

"Kí bátìrì má bàa kú ni mo ṣe..."

"Ọkọ̀ tiyín ló ń jẹ bátìrì. Ti Moyọ̀sọ́rẹ ò jẹ ẹ́."

Mo gba rọ́bà náà, mo ní kí ọ̀gá tẹ̀ lé mi dé ìdí 504. A ṣí i. Orí bátìrì rẹ̀ ti yọ, rọ́bà pupa mìíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló wà lára rẹ̀. Mo tẹ́ méjèèjì síra wọn lórí ìwé ẹ̀sùn. Ọ̀bẹ tí kò mú ló gé wọn, eyín ọ̀kan wọ inú eyín èkejì wẹ́kú. Ọ̀gá wa yí wọn sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì.

Láti ibí yìí lọ, ẹ má retí kí n pe Oyèkúnlé ní "wọ́n" mọ́. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi odán, ó jẹ́wọ́. 504 rẹ̀ ló kọ̀ tí kò ṣáná lẹ́yìn ìsìn. Ìpàdé wà fún un ní Lálúpọn. Kọ́kọ́rọ́ kejì Datsun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú, ó sì mọ̀ pé Moyọ̀sọ́rẹ wà lórí òkè. Ó gba ọ̀nà oko lọ mú un, ó gba ọ̀nà oko dá a padà. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ kó bá obìnrin náà. Nígbà tí ariwo ta ni òun wò ó pé ó ti bá a, òun sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ẹbí kúnlẹ̀ níwájú Moyọ̀sọ́rẹ. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù, Bàbá Àrẹ̀mú, ṣí fìlà. "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹnu àgbà ò gbọdọ̀ rùn síta. Sọ fún ọlọ́pàá pé a ti parí ẹ̀."

Ọ̀gá náà yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Luqman, bí wọ́n bá gbà láàárín ara wọn..."

"Yíǹkì ni mo fi kọ ọ́, sà," ni mo wí. "Olùkọ́ kan ṣì wà ní ọsibítù tí kò tíì lajú. Òun náà ńkọ́?"

Moyọ̀sọ́rẹ wo àwọn tó kúnlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé omi ti dé ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn lórí sìmẹ́ǹtì ibí yìí," ló wí. "Gbogbo yín lẹ wá. Gbogbo yín lẹ ní kí n jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ dìde, bàbá. N ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n n ò ní í parọ́ láti bo ẹni tó fẹ́ fi irọ́ sin mí láàyè."

Ó wá na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ tí èékánná rẹ̀ dúdú yẹn.

"Sájẹ́ńtì, ìṣó mi."

Mo ní ẹ̀rí ni, pé Datsun náà pẹ̀lú á dúró lọ́dọ̀ wa títí di ọjọ́ kóòtù.

"Kó dúró. Ṣùgbọ́n kò ní í dúró bí òkú."

Mo fún un. Ó ṣa òkúta kan nílẹ̀, ó yọ páànù agolo mi kúrò, ó wò ó bí iṣẹ́ ọmọdé, ó jù ú nù. Ó gbé orí bátìrì sójú rẹ̀, ó kan ìṣó náà: kò, kò, kò. Ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Datsun náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ gba gbogbo iwájú àgọ́. Ó jẹ́ kó ké fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára Oyèkúnlé, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Ó di ọjọ́ kóòtù," ló wí. "Kẹ́nikẹ́ni má ṣe yọ orí bátìrì yẹn o."

Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé, ló bá rìn jáde sí títì, ó wọ ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Ìbàdàn, ó lọ kí Ẹkúndayọ̀ ní ọsibítù.